Àkùkọ Ń Rìn, Ẹsẹ̀ Ń Tutù

Ẹnu mi ló gbé ẹ̀gbọ́n mi dé Mushin, kì í ṣe ọ̀kadà tó kọ lù ú. Tí ìyá mi bá ń sọ ìtàn náà fún àlejò, ọ̀kadà ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, èmi á sì dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n inú mi mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún náà, àwọn olùkọ́ yunifásítì ti daṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́ sì ti padà wálé wá jókòó ti àwọn òbí wa. Ilé wa wà ní Yaba. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ìyá mi, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Tejúoṣó, wọn ò sì lè fara da kí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún máa jí ní aago mẹ́sàn-án. Wọ́n ní yunifásítì ni wọ́n tì, wọn ò ti ọjà. Èmi ò sì fẹ́ ta aṣọ. Mi ò ní sùúrù fún oníbàárà tó máa tú gbogbo ìgàn sílẹ̀ tán kó tó sọ pé òun ń bọ̀. Bí mo ṣe gbọ́ pé dókítà kan ní ọsibítù ìjọba ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, tó sì lè kọ̀wé, mo sáré lọ kí ẹlòmíì tó gbà á.

Eegun ni dókítà yìí ń tọ́jú. Ohun tó ń ká wọn lára ni pé àwọn aláìsàn máa ń kúrò ní wọ́ọ̀dù wọn láìdágbére, tí wọ́n á gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ewé àti òrí to eegun lọ. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń fa àwọn èèyàn lọ síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ẹnìkan jókòó sí irú ilé bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kó máa kọ gbogbo ohun tó bá rí: ta ló wá, eegun wo ló ṣẹ́, kí ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀, báwo ló ṣe parí sí. Wọ́n kọ́ mi ní nǹkan mẹ́ta tí mo gbọ́dọ̀ máa wò lójoojúmọ́ lára ẹsẹ̀ tàbí apá tí wọ́n bá dì: àwọ̀ rẹ̀, bóyá ó gbóná tàbí ó tutù, àti bóyá ẹni náà mọ̀ ọ́n lára tí mo bá fọwọ́ kan ọmọ ìka rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi òfin kan lé e. Mi ò gbọdọ̀ gba aláìsàn kankan nímọ̀ràn. Wọ́n ní ọjọ́ tí mo bá ti la ẹnu sọ pé báyìí ni kí wọ́n ṣe é, ohun tí mo bá kọ kì í ṣe iṣẹ́ àwọn èèyàn yẹn mọ́, iṣẹ́ tèmi ni.

Bàbá tí wọ́n ní kí n lọ bá ń gbé ní Mushin, lẹ́yìn ọjà Ojúwòyè. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, Mùsùlùmí, ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í pariwo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n jẹ́ kí n dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, wọ́n wá bi mí bóyá iṣẹ́ àwọn ni mo wá jí. Mo ní rárá o. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní olè kan ò jẹ́wọ́ rí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ́ pé ìjọba fẹ́ máa fún àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì fẹ́ kí ọ̀mọ̀wé kan kọ ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe sílẹ̀. Ni wọ́n bá gbà mí. Àwọn náà fún mi ní òfin tiwọn: mi ò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun tó lè kó ẹ̀rù bá aláìsàn wọn, nítorí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti rẹ̀wẹ̀sì, eegun rẹ̀ kì í tètè jinná. Ẹ ẹ̀ rí i, àgbàlagbà méjì tí wọn ò rí ara wọn rí, ohun kan náà ni wọ́n sọ fún mi: pa ẹnu rẹ mọ́. Èmi tí ìyá mi ti ń bá jà nítorí ẹnu láti kékeré. Mo búra fún àwọn méjèèjì.

Kí n má purọ́, mo kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ láti lọ fi wọ́n ṣẹ̀sín lábẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí ojú mi fi wálẹ̀. Mo rí bíríkìlà kan tí wọ́n fi ilẹ̀kùn gbé wọlé, mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Bàbá á pa ojú méjèèjì dé, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò wá ibi tí eegun ti yẹ̀, ọwọ́ wọn á máa lọ jẹ́jẹ́, ó di gbáà, eegun ti wọlé. Wọ́n á fi òrí pa á, wọ́n á to ewé lé e, wọ́n á wá fi ọparun tí wọ́n là pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi okùn hun bí ẹní kékeré, dì í pinpin.

Tí ṣíṣẹ́ náà bá le, wọ́n á ní kí ẹbí mú adìẹ wá. Bàbá á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ náà ní ibi kan náà tí ti aláìsàn ti ṣẹ́, wọ́n á fi ewé kan náà àti òrí kan náà dì í, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹni náà. Ọjọ́ tí adìẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tó rìn, gbogbo ilé á yọ̀, nítorí aláìsàn náà ti ń bọ̀ lọ́nà nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo yíjú kúrò nígbà tí eegun adìẹ ń dún. Nígbà tó yá, èmi náà ti ń wo ẹsẹ̀ adìẹ kí n tó wo ti èèyàn.

Bí mo bá délé nírọ̀lẹ́, ẹnu mi ò ní í sinmi. Bàbá ṣe báyìí, Bàbá ṣe báyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á ní ẹni tí wọ́n rán lọ ṣọ́ babaláwo ti di ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ, mi kì í fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀, ìyá mi sì ti bú mi bú mi nítorí ẹ̀ títí ó fi sú wọn. Awakọ̀ ni. Bọ́ọ̀sì ńlá tó ń gbéra ní Jíbówú lọ sí Benin ló ń wà, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn débi pé tó bá jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú wa, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á máa tẹ bíréèkì lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn náà ni ọ̀kadà gbá ní Ojúẹlẹ́gba, ó ṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ orúnkún. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò eegun náà, wọ́n ní àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ, àwọn á fi irin sí i. Ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti pàdánù ẹsẹ̀ kan nínú jàǹbá mọ́tò, ojú ẹ̀gbọ́n mi ò sì kúrò lára ibi tí ẹsẹ̀ yẹn yẹ kó wà. Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní í fi abẹ kan òun. Ìyá mi yíjú sí mi. “Ìwọ lo ní Bàbá yẹn mọṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni, àbí o kàn ń fẹnu dárà?”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Oṣù méjì gbáko ni mo fi yin Bàbá, báwo ni mo ṣe fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ? Mo ní òótọ́ ni. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn la gbé e lọ sí Mushin.

Ìyá mi fúnra wọn lọ sọ́jà lọ ra àkùkọ pupa kan. Wọ́n yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò dáadáa, wọ́n dá àkùkọ mẹ́ta padà kí wọ́n tó mú u. Nígbà tí Bàbá ń to eegun náà, ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú débi pé mi ò lè kọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi bí mo ṣe ń kọ ti gbogbo èèyàn: ọkùnrin, awakọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ kan lọ dáadáa. Ẹsẹ̀ wú díẹ̀, Bàbá tú u, wọ́n tún un dì. Lọ́jọ́ Ajé, ìròyìn dé láti Ìjẹ̀bú pé ẹ̀gbọ́n Bàbá ti kú. Bàbá tún gbogbo aláìsàn dì láàárọ̀ yẹn kí wọ́n tó lọ sìnkú. Wọ́n ní ìyàwó àwọn á máa bójú tó ilé, wọ́n sì kìlọ̀ létí gbogbo wa pé okùn tí àwọn bá fi ọwọ́ ara àwọn dì, ẹlòmíì kì í tú u, àfi àwọn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Ilé náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nírọ̀lẹ́, mo fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó tutù. Mo fọwọ́ kan ti ẹsẹ̀ kejì, ó gbóná. Mo ní bóyá afẹ́fẹ́ ni, nítorí ojú fèrèsé ni wọ́n tẹ́ ẹní rẹ̀ sí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo pa ìwé dé, mo lọ sílé. Mi ò lè jẹun. Ìyá mi bi mí ohun tó ṣe mí, mo ní orí ń fọ́ mi.

Lọ́jọ́rú, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà ti ń dúdú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àkùkọ dìde. Ó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n dì sókè, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá rìn gba ẹnu ọ̀nà kọjá lọ ṣa àgbàdo jẹ. Ilé gba ariwo. Ìyàwó Bàbá pàtẹ́wọ́, àwọn aláìsàn tó kù ń kí ẹ̀gbọ́n mi kú oríire láti orí ẹní wọn, ìyá mi sì kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pẹ̀lú omi lójú. Ẹ̀gbọ́n mi ní oṣù tó ń bọ̀, Benin dọwọ́ òun. Èmi nìkan ló ń wo ìsàlẹ̀ ọparun yẹn. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi lọ́jọ́ tí àkùkọ rìn?

Ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi sọ̀rọ̀, èmi náà ti bi ara mi tán. Mo ń bẹ̀rù òfin dókítà, mo ń bẹ̀rù ìbúra tí mo ṣe fún Bàbá, gbogbo ìyẹn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú ló pọ̀ jù. Èmi ni mo ní ká wá. Tí mo bá sọ pé ẹsẹ̀ yìí ń bàjẹ́, ta ló gbé e wá síbi tó ti ń bàjẹ́? Mo wá ń bá ara mi sọ ọ́ pé mo ti rí ẹsẹ̀ tó wú níbẹ̀ tó sì jinná, pé Bàbá ò ní í pẹ́ dé, pé àkùkọ ò lè purọ́. Mo fi ìwé yẹn bo ojú ara mi. Lójoojúmọ́ ni mò ń kọ ọ́ dáadáa, pẹ̀lú aago.

Lọ́jọ́bọ̀, mo fi ẹnu bíró gún àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń sọ fún mi nípa awakọ̀ kan tí wọ́n jọ máa ń sá eré lójú ọ̀nà Ọrẹ. Kò dánu dúró. Mo tún gún un, mo fi agbára sí i, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí awakọ̀ yẹn ṣe. Mo ní mò ń bọ̀, mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé, mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo kọ́kọ́ kọjá sí ìsọ̀ ìyá mi ní Tejúoṣó, mo mú àlùmọ́gàjí ńlá tí wọ́n fi ń gé aṣọ, mo sì gba Mushin lọ. Ìyàwó Bàbá rí i lọ́wọ́ mi, wọ́n dìde, wọ́n dúró sáàárín èmi àti ẹní. Wọ́n ní ẹni tó dì í ló ń tú u. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kúrò. Wọ́n ní tí mo bá tú u tí nǹkan bá ṣe é, orí ta ni kí ó wà? Ẹ̀gbọ́n mi fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara sókè, ó ń bi mí bóyá orí mi dàrú. Àárín èyí ni ìyá mi wọlé pẹ̀lú ògì tí wọ́n gbé wá fún un.

“Àkùkọ ń rìn,” ni wọ́n wí. “Kí lo tún fẹ́ rí?”

Mo ní, “Màámi, ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n gbé ògì sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwọn ọmọ ìka náà. Ọwọ́ wọn pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n mú un kúrò, wọ́n fi kan ẹsẹ̀ kejì, wọ́n tún gbé e padà. Wọ́n di ọparun náà mú fún mi ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé okùn. Nígbà tó ṣí, òórùn tó jáde lé gbogbo àwọn tó wà nítòsí padà sí ògiri. Ìyàwó Bàbá fi etí ìborùn bo imú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi tó rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó pariwo orúkọ mi.

Táksì la fi gbé e dé ọsibítù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà, láti ìsàlẹ̀ orúnkún.

Dókítà tó rán mi níṣẹ́ bá mi ní kọ́rídọ̀, wọ́n ní kí n mú ìwé wá. Wọ́n dúró, wọ́n kà á láti ọjọ́ Ajé. Mo ń wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo rán wọn létí òfin wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni pé àwọn ló jẹ̀bi. Wọ́n pa ìwé dé.

“Mo ní kí o má gba aláìsàn nímọ̀ràn,” ni wọ́n wí. “Mi ò ní kí o má pè mí.”

Bàbá dé ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, láti Ìjẹ̀bú tààrà, eruku ọ̀nà ṣì wà lára aṣọ wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì ò jẹ́ kí wọ́n wọ wọ́ọ̀dù, ni wọ́n bá jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ìta. Mo ti ń múra ìjà sílẹ̀. Mo ti to gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ sí wọn, nípa okùn wọn àti àkùkọ wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò bá mi jà. Wọ́n ní ẹsẹ̀ tó bá wú, àwọn máa ń tú u, àwọn á dẹ̀ ẹ́, nígbà míì ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Wọ́n ní mo ti rí i tí àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀, kódà mo kọ ọ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni, mo rí i. Wọ́n ní Ìjẹ̀bú ò jìn, mọ́tò kan láti Jíbówú ni, wọ́n ní ìsìnkú kọ́ ló máa ní kí àwọn má dìde. Kí ló dé tí mi ò ránṣẹ́ pe àwọn? Wọ́n bo ojú wọn pẹ̀lú fìlà, wọ́n jókòó síbẹ̀ títí àwọn nọ́ọ̀sì fi ní kí gbogbo àlejò máa lọ.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi ti wà nílé. Kò bá mi sọ̀rọ̀ burúkú rí, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, èyí tó dùn mí ju èébú lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìyá mi wà lọ́jà, ó pè mí sí pálọ̀. Ó ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó fi píìnì mú un. Ó ní kí n lọ mú ìwé yẹn wá. Mo ní dókítà ń fẹ́ gbà á lọ́la. Ó ní ìdí tí òun fi fẹ́ ẹ lónìí nìyẹn.

Ó ní kí n kà á. Mo ka ọjọ́ tí a gbé e wá, mo ka ọ̀sẹ̀ tó lọ dáadáa, mo ka ọjọ́ Ajé. Mo ka ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀ tutù. Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró.

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, nígbà tí o fọwọ́ kàn án, mo bi ọ́ pé báwo lo ṣe rí i.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Kí lo sọ fún mi?”

Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí, kì í ṣe dókítà, kì í ṣe ìyá wa. Omi ti kún ojú mi, mi ò rí ìwé náà mọ́. “Mo ní ó dára.”

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Mo dúró pé kó bú mi, mo fẹ́ kó bú mi. Ó bi mí bóyá mo kọ ìyẹn náà síbẹ̀. Mo ní mi ò kọ ọ́.

Ó mú bíró lórí tábìlì, ó nà án sí mi. “Kọ ọ́ síbẹ̀.”

Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo fi ìwé lé orí itan ara mi. Mo kọ ọ́ pé aláìsàn bi mí léèrè, pé mo ní ó dára. Ó ń wo ọwọ́ mi títí mo fi kọ ọ́ tán.